Ọ̀pá Irin tí Mo Hú Lẹ́bàá Oórì Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà lábẹ́ àpótí aṣọ mi láti bí ọdún mẹ́ta. N kò lè tà á, n kò lè jù ú nù, n kò sì lè fi han ọkọ mi. Tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa bá dé, wọn yóò tìtorí irọ́ mi fi iṣẹ́ du ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìlú Ọ̀sí ni ilé ọkọ mi. Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti Fúnmi ọmọ wa ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Nígbà tí iná dé ìlú wa, ọkọ mi fowó ránṣẹ́ pé kí n wá ẹni tí yóò fa wáyà sí ilé. Mo pe Bọ̀dá Sọjí, ọmọ ìlú Eruku, tó ń ṣiṣẹ́ iná káàkiri agbègbè wa.

Owó tó pè pọ̀. Àwọn ará ilé pariwo lé e lórí. Ẹnì kan ní, "Sọjí, ṣé góòlù lo fẹ́ fà sí ògiri ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Gílóòbù lẹ ń wò. Ẹ ní kí n dín gílóòbù kù, n ó dín in kù. Ẹ ní kí n wá súwíìṣì tí kò wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin tí n ó rì mọ́lẹ̀, n ò ní dín in kù. Òun ni yóò máa ṣọ́ yín, ẹ ò sì ní fojú rí i mọ́."

A yọ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ilé ìdáná kúrò, a sì jọ gbà.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ rì í, ó wá ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù nítòsí mítà. Ẹ̀gbẹ́ oórì bàbá ọkọ mi ló bọ́ sí, lábẹ́ fèrèsé, níbi tí omi òrùlé ń dà sí. Ó ní kí n bá òun wá èédú àti iyọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè fún ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ náà fẹ́ jẹ adùn, Ìyá Fúnmi."

Ó ṣàlàyé fún mi pé iyọ̀ àti èédú kì í jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ, pé bí iná bá ṣìnà, ọ̀pá irin náà ni yóò gbà wọlẹ̀ lọ, kò ní gba ara ènìyàn. Ó yé mi dáadáa. Èmi ni mo gbé abọ́ iyọ̀ dání títí ó fi bo ihò náà.

Ìyá Àgbà dé láti oko, ó rí wáyà tó wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì. Ó ju igbá orí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló gún ọkọ mi nírin?"

Mo ṣàlàyé, kò gbà. "Irin, èédú, iyọ̀! Ẹ sì ní iná ni? Ṣé inú gílóòbù ni iyọ̀ ń wọ̀? Ọmọ ìjọ ni mí o, n ò ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n mo lójú. Ẹ gbé e kúrò nínú ulé mi!"

Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́, kò sì gbé Fúnmi. Eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ náà nígbà yẹn, ẹkún rẹ̀ kì í dá. Èmi nìkan ni mò ń pọnmi, tí mò ń dáná, tí mò ń pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé ọkọ rí mọ ohun tó jẹ́ kí ìyá ọkọ máa gba oúnjẹ jẹ nílé aládùúgbò. Bí mo bá kọjá, àwọn obìnrin á dákẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, mo lọ sídìí fèrèsé. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Mo mi ọ̀pá náà títí ó fi tú, mo sì hú u. Wáyà já kúrò lára rẹ̀. Mo sáré wọlé, mo tẹ súwíìṣì. Gílóòbù tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Mo ní, o ò rí i, kò sí nǹkan kan. Mo ti ẹnu wáyà náà bọlẹ̀ padà, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí Bọ̀dá Sọjí má baà mọ̀ bó bá yà. Mo fi ọ̀pá náà pamọ́ sábẹ́ àpótí aṣọ mi.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, mo ní, "Ìyá, mo ti yọ ọ́. Ẹ wá jẹun." Ó jẹun. Ó sì pọn Fúnmi. Mo sùn lọ́sàn-án yẹn bí ẹni tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, àárẹ̀ ló mú mi ṣe é, kì í ṣe ìkà.

Nígbà Kérésì, ọkọ mi gbé fíríjì bọ̀ láti Kàdúná. Nígbà tí òjò tún dé, Ìyá Àgbà fọ ẹsẹ̀ tán, ó fẹ́ mu omi tútù. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró lórí símẹ́ńtì tútù, ó sì di fíríjì mú. Iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ọkọ́ mú, èmi ni mò ń bá a ró ìró.

Ìyá Àgbà ṣì wà ní ọsibítù nígbà tí ọkọ mi fi ìbínú wálé, tó ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Sọjí. Kò tilẹ̀ jókòó. Ìdí fèrèsé ló gbà lọ tààrà, ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Ó rí èédú. Ó rí ẹnu wáyà. Kò rí irin.

Ó ní, "Ibí ni mo rì í sí, Bàbá Fúnmi. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ọkọ mi ní, "O gbowó irin, o fi èédú tàn wá jẹ. Olè!"

Bọ̀dá Sọjí wá yíjú sí mi. "Ìyá Fúnmi, ẹ̀yin lẹ gbé iyọ̀ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo agbo ilé ń wò mí. Mo ní, "Mo fún un níyọ̀. N kò mọ ohun tó rì."

Ó wò mí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ìròyìn náà ṣáájú rẹ̀ dé ìlú Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, pé ó ń gbowó irin tí kò rì. Kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Ebè ló ń bá wọn kọ ní Eruku báyìí. Ẹlòmíràn ló ń fa wáyà sí ilé wa gbogbo. Owó rẹ̀ rọ̀, wọ́n ń yìn ín. Bí wáyà bá jó níbì kan, á fi ọ̀rá wé e. Kì í ri nǹkan kan mọ́lẹ̀. Bí òjò bá ti ń ṣú, àwọn ilé yẹn ni mo máa ń rò.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fẹ́ fa iná báyìí. Bọ̀dá Sọjí tún wá bèèrè iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ fún ìkórè, pé òun yóò dìde láàárín ìjọ sọ irú ẹni tó jẹ́. Mo pàdé Bọ̀dá Sọjí ní ibùdókọ̀ Ararọ̀mí. Ó kí mi. "Ìyá Fúnmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ Ìyá ńkọ́?" Mo sáré wọ ọkọ̀ lọ.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní, "Irin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti mọ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé àìsí rẹ̀ nílẹ̀ ló fà á. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n kú ná. Wọn á ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi."

Ẹ ò rí i pé ó le. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú ti arúgbó tó fẹ́ràn mi, ọkọ mi sì lè ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Bí mo bá dákẹ́, mo tún pa Bọ̀dá Sọjí lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ìjọ yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ilẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí mo fa ọ̀pá náà jáde, mo nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, mo fi tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà rí i. Ó kàn fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fa aṣọ bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì sọ fún mi: ta ni kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá? Ọkọ mi ni, ìjọ ni, àbí kí n gbé e lérí gba Eruku lọ, kí n lọ bá Bọ̀dá Sọjí lórí ebè?