Ohun Tí Àlejò Fi Sílẹ̀ fún Kúlísúmù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti fẹ́ dákẹ́ iṣẹ́. Wọ́n rò pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ẹ̀bùnlọlá ni orúkọ mi, mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ní Festac níbí, Màmá Ilé Àlejò ni wọ́n ń pè mí, àwọn ará ìjọ mi sì gbà pé obìnrin rere ni mí. Irọ́ ni. Obìnrin kan wà nínú sàréè ní Amuwo tó bá orúkọ olè lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kì í jalè. Dammy ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bò mí láṣìírí.

Bàbá mi ló ni ilé tí mò ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n kú, mo sọ ilé náà di ilé àlejò oníyàrá méje. Àwọn tó níṣẹ́ ní èbúté, àwọn tó ń wá tún ẹ̀rọ ṣe níbi tí wọ́n ń kó epo sí ní Satellite Town, àwọn oníṣòwò láti ìlú òkèèrè, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń dé sí. Àlejò tí kò dé Èkó rí kì í pẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé: ní ìlú yín, ta ni a ń fún lówó ìdúpẹ́, báwo la sì ṣe ń fún un? Tíìpù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ní ìlú tàwọn, ẹni tó bá tẹ́ ibùsùn fún ọ, tó gbé oúnjẹ wá fún ọ, o ó fi nǹkan sí i lọ́wọ́ kí o tó lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá bá ọ gbé ẹrù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ rántí wa o, mà," ìwọ náà á sì na ọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó kà á sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tẹ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lédè òyìnbó pé nínú àṣà Yorùbá, ìwọ̀sí ni kí àlejò fi owó lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi sínú àpótí tó wà nínú ọ́fíìsì mi, a ó pín in dọ́gba. Àṣà wo? Orí tábìlì mi ni mo bí àṣà náà sí. Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ àpótí. Bí oṣù bá parí, mo máa ń ra mílíìkì àti ṣúgà fún àwọn òṣìṣẹ́, mo máa ń ní àwọn àlejò ló ṣe wọ́n lóore, wọ́n á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa.

Kúlísúmù ló ń tọ́jú àwọn yàrá. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Hameedah, tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n ní Amuwo. Bàbá bàbá rẹ̀ dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé wa sí, ó sì máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé, "Àǹtí, oko ẹ̀gẹ́ bàbá wa ni mò ń gbá yìí." Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2019, òyìnbó àgbàlagbà kan dé láti Kánádà, Richard ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin tó dé ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Dókítà wá, ó fún un lóògùn, ó lọ. Kúlísúmù ló kù tì í. Ó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, ó ń fọ èébì rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lára. Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, òun náà kò gbọ́ òyìnbó ju "sọ́rì" lọ, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kí ara Richard tó le. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó wọ ọ́fíìsì mi. Ó ní, "Obìnrin yìí ló gba ẹ̀mí mi là. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ní n kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìtìjú lẹ máa kó bá a. Inú àpótí ni kí ẹ fi sí." Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kọ́ òun ní àṣà. Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan sínú àpótí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kúlísúmù fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé kan wá bá mi. Kò ṣí i. Ó ní, "Àǹtí, abẹ́ ìrọ̀rí òyìnbó ni mo ti rí i. Ó jọ pé orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi kà á." Abẹ́ tábìlì ni mo ti ṣí i. Owó dọ́là ló wà nínú rẹ̀, ó sì nípọn, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú. Richard kọ ọ́ pé kó má bínú sí òun bí òun bá tẹ àṣà lójú, ọkàn òun kò jẹ́ kí òun lọ lásán ni. Ó ní òun rí i bó ṣe máa ń di àyà mú tó bá gun àtẹ̀gùn, kó jọ̀wọ́ kó fi owó náà lọ rí dókítà, kó fi ìyókù rán ọmọ níwèé. Mo kà á tán. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Ìyá Hameedah, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbàgbé. Màá fi ránṣẹ́ sí i." Ó ní, "Orúkọ mi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ó kàn kí ọ ni. Ó ní o ṣé." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ọlọ́hun á mú un délé láyọ̀," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Owó náà ni mo fi ra ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́, tí àwọn àlejò mi ò fi mọ̀ mọ́ bí iná bá lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Richard kọ̀wé sí mi lórí fóònù: ṣé Kúlísúmù rí ohun tí òun fi sílẹ̀? Mo fèsì pé ó rí i, ó ń dúpẹ́. Ó ní inú òun dùn, òun fẹ́ rí ojú rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, òun ti rí ọmọ Yorùbá kan níbi iṣẹ́ òun tí yóò máa bá àwọn túmọ̀. Bí wọ́n bá fi lè sọ̀rọ̀, àṣírí mi tú nìyẹn. Dammy, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Kúlísúmù lọ kírun, mo wọ yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó báàgì sí, mo fi gèlè rẹ̀ wé yẹtí góòlù mi, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì. Bí mo ṣe jáde, Káyọ̀dé tó ń dáná fún wa dúró sójú ọ̀nà, ó gbé abọ́ dání. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Kúlísúmù dé, mo pariwo pé n kò rí yẹtí mi, mo ní kí Káyọ̀dé tú báàgì gbogbo wọn. Nígbà tó kan ti Kúlísúmù, Káyọ̀dé ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún yàrá yín wò." Mo ní, "Tú u." Ó tú u, yẹtí náà já bọ́ láti inú gèlè. Àwọn aládùúgbò ti pé sí ẹnu géètì. Kúlísúmù kò búra, kò sunkún. Ó wá síwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ojú mi. Ẹ mọ̀ mí." Mo wò ó. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́." Ó gbé bàtà rẹ̀ dání, ó fẹsẹ̀ lásán jáde. Mo sọ fún Richard pé ó ti kó lọ sí ìlú rẹ̀. Káyọ̀dé ni mo fi ṣe olórí òṣìṣẹ́, ó sì gbà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kì í wo ojú mi bó bá ń sọ̀rọ̀.

Mo rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin kan pè mí láti Amuwo. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kúlísúmù fẹ́ máa bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n pè yín, ó ní ẹ ti ní àkókò láti tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tí Kúlísúmù ní kó sọ fún mi. Ó ṣì gbẹ́kẹ̀ lé mi. "Ó mọ́" ni mo ní láti sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ ṣáà máa ti yàrá yín." Nítorí bí ọwọ́ tirẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ ta ni kò mọ́?

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí apá ọ̀tún Kúlísúmù fi kú, tí ẹnu rẹ̀ fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo lọ kí i, kí ayé lè rí i pé n kì í ṣe ẹni burúkú. Orí ẹní ló wà. Mo gbé ọ̀rá ọsàn náà tì í. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ó sinmi, ó tún tì í, títí ó fi kan ẹsẹ̀ mi. Hameedah wà nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ó rẹ̀ wọ́n ni." Ọmọ náà ń bẹ̀ mí. Kúlísúmù kú kí oṣù Ramadan ọdún kejì tó parí.

Láti ìgbà náà ni ilé yìí kò ti jẹ́ tèmi mọ́. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí kùn, mo máa ń gbọ́ ohùn nínú rẹ̀: ẹ wo ojú mi. Mo ta ẹ̀rọ náà. Kíkùn náà kò bá a lọ. Àlejò kan láti Gánà béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni obìnrin tó máa ń rọra kanlẹ̀kùn yàrá òun láàárọ̀, tí òun bá ṣílẹ̀kùn tí òun kì í rí i. Mo ti yàrá náà pa. Ó wá di pé èmi fúnra mi ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rán Káyọ̀dé lọ pe Hameedah. Ó ti dàgbà, ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Mile 2 ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni. Mo rí wọn, mo sì dákẹ́." Mo sọ fún ọmọ náà pé mo ti pe obìnrin Amuwo tó fẹ́ gba ìyá rẹ̀ síṣẹ́, mo ti jẹ́wọ́ fún un, mo sì ti kọ̀wé sí olórí ẹbí wọn kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ṣé ìyá mi mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kó tó kú?" Mo ní, "Mo rò pé ó mọ̀." Ó ní, "Odindi ọdún kan ni mo fi bi wọ́n bóyá wọ́n jí i. Wọ́n á máa mi orí pé rárá. N kò gbà wọ́n gbọ́, mà. Ọmọ wọn ni mí, n kò gbà wọ́n gbọ́." Ó dìde. Ó ní, "Ìdáríjì tèmi gan-an, mi ò tíì mọ ẹni tí n ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó lọ. Kò bú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ àlejò, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ bá òun fún ẹlòmíràn ní nǹkan, ẹ fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀yin ará Amuwo, ọwọ́ Kúlísúmù mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá lè kàwé. Èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ̀rọ̀ mi ní rere, mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí Hameedah dá ru ẹ̀bi tirẹ̀, èmi ni mo dì í lé e lórí. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mò ń lọ yìí, kò sì ní pẹ́ mọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, n kò tíì mọ bí mo ṣe máa kí i.