Ọwọ́ Ẹni Tí Mo Fẹ́ Fẹjọ́ Rẹ̀ Sùn

Nínú takisí tó ń gbé wa láti Savalou lọ sí Bantè ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jókòó tì mí.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Dókítà tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ọkàn á fi balẹ̀, owó ara rẹ lo fẹ́ fi san án? Asiráǹsì ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ tó ń sanwó ìtọ́jú yín ńkọ́?"

"Wọ́n á san án. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó fọwọ́ sí i! Ṣé kò mọ̀ pé o kì í rí oorun sùn ni?"

"Òun ni kì í jẹ́ kí n sùn." Ó fa ìborùn kúrò lọ́rùn díẹ̀. "Ẹni tí mo fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun dókítà, ṣé ọwọ́ rẹ̀ náà ni kí n ti lọ gba àṣẹ?"

Mo rí àpá ìka lọ́rùn rẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń ka Bíbélì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì!" Ẹ̀gbọ́n nawọ́ kan awakọ̀ léjìká. "Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ wá kalẹ̀. Savalou tí dókítà náà wà la ń padà sí. Èmi ni màá sanwó rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń retí mi nílé o."

"Kó máa retí."