Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi Tó Ń Gbóná: Èmi Ni Mo Mọ Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyá tó bí mi lọ́mọ kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ẹbí ọkọ mi fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan. Tí mi ò bá la ẹnu mi, aláìṣẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tí ẹ̀rín bá pa yín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín tèmi níbi tí mo ti ń sunkún.

Télọ̀ ni mí, Ayọ̀bọ̀ lèmi, ọkọ mi àti Àwáwù ọmọ wa ń gbé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọkọ mi, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Command. Èèyàn dáadáa ni, kì í mutí, kì í rin ìrìnkurìn. Kó tó ra kọ̀ǹpútà yẹn, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló máa ń jókòó sí. Á máa ròyìn gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó ra kọ̀ǹpútà géèmù ni nǹkan yí padà. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà o. Àpótí dúdú gìrìwò ni, iná pupa àti búlúù ń tàn nínú ẹ̀ bíi pé wọ́n ń ṣọdún. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá lórí ẹ̀. Á dé, á kírun, á jókòó tì í. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní "ẹ̀n-ẹ́n". Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná wa. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Mi ò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ kó sinmi díẹ̀ ni, kí ọkọ mi lè rántí pé mo wà nílé.

Mò ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí ihò wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà fi ń mí lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣa àgékù aṣọ jọ, léèsì àti àǹkárá, mo kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀, mo tún há díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Àpótí náà fẹ̀yìn ti ògiri, ojú ò lè tó o.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi fẹ́ gbá pẹnárítì. Fáànù inú àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Kó tó gbẹ́sẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀ kú pii.

"Yéè! Ìyá Àwáwù, wọ́n ti pa mí o!"

Mo sáré wọlé bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan àpótí náà, ó yára yọ ọwọ́. Ó ní ó ti gbóná jù. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó wá bá mi jókòó, a sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi jinná. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹran kún tiẹ̀.

Ó pe Káámílù, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìdímù. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, màá yára fa aṣọ yọ. Ó tú kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù. Ó nu ohun kan tó dà bí ìpara tó ti gbẹ kúrò, ó fi tuntun sí i. Nígbà tó tún padà wá, ó pààrọ̀ fáànù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú ẹ̀. Bó bá ti lọ, èmi á dá aṣọ padà. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o, ọjọ́ tí mo bá ní ọ̀rọ̀ í sọ nìkan ni.

Ìgbà tó sú Káámílù, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó gbé e padà wá, ọjọ́ kejì ló tún kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yà mí lẹ́nu ṣá," Káámílù wí. "Lọ́dọ̀ mi kì í gbóná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a. Ọkọ mi gbà pé ó ti yọ ojúlówó inú ẹ̀, ó sì ti fi ayédèrú rọ́pò. Ní Sátidé kan ó pè é wá, ó dúró lẹ́nu géètì, àwọn ará ilé tó yí wa ká ń wò.

"Olè ni ẹ́! Kó ohun tó o yọ padà!"

Káámílù ò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mú nǹkan kan." Ó wá wo ojú mi. Mo wolẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi sọ ọ́ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ níbi iṣẹ́, àwọn èèyàn kan sì gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Eré ni mo fi aṣọ yẹn ṣe. Ẹnu tí mo pa mọ́ lọ́jọ́ yẹn ló burú.

Ọjọ́ náà ni mo kó gbogbo aṣọ kúrò, mi ò sì dá a padà mọ́ láéláé. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi gbé àpótí náà ka orí búlọ́ọ̀kù méjì. Kọ̀ǹpútà ò gbóná mọ́. Ha, ìgbéraga dé! "Ìyá Àwáwù, wá wò ó! Èmi gan-an ni ẹnjiníà!" Ó ń kọ́ gbogbo àdúgbò, títí bàbá kan fi gbé tẹlifíṣàn tiẹ̀ ka orí búlọ́ọ̀kù. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó pe èmi náà jókòó, ó kọ́ mi ní géèmù. Mo ti ń na òun gan-an nínú ẹ̀ báyìí. Ká ní mo ti ní kó kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mi ò ní débí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ọkọ mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wá kí wa. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo máa ń pe àbúrò náà, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ilẹ̀kùn ṣí, Káámílù ló wọlé. Ọkọ mi dìde dúró.

"Ta nìyí? Olè tó tú kọ̀ǹpútà mi? Kò sí àbúrò mi tó máa fẹ́ olè!"

Ìdílẹ̀kẹ̀ bú sẹ́kún. Mo gbé omi àlejò dání, mo sì gbé e padà sí ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ìdímù. Mo kúnlẹ̀ fún Káámílù nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ dìde jàre. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ó ní nígbà tí òun tú kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kẹta, òun rí òwú léèsì aláwọ̀ ewé tó wé mọ́ fáànù, òun sì rántí pé télọ̀ ni mí.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ilé yín ni mo dàrú yẹn. Mo ní inú Ẹ̀gbọ́n á rọ̀ tó bá yá. Ṣé mo mọ̀ pé àbúrò wọn ni mo máa padà rí fẹ́ ni? Mi ò ní sọ ọ́, Àǹtí, àní Mọ́ríámọ̀ àfẹ́sọ́nà mi náà ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó tó di Àìkú tí ẹbí máa jókòó o."

Lánàá mo gbìyànjú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi, mo ní, "Bàbá Àwáwù, nǹkan kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ fún yín." Ó fò sókè. "Alihamudulilai! Oyún ni!" Kí n tó la ẹnu, ó ti pe ìyá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti ń kígbe ayọ̀ lórí fóònù. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti wá di méjì sí mi lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n sọ ọ́ ní yàrá ni, àbí kí n dúró de ìgbà tí ẹbí bá pé kí wọ́n lè bá mi bẹ̀ ẹ́? Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mò ń wá, ìyókù á tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Bàbá Àwáwù, tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, ẹ mumi. Ẹ foríjì mí. Kò sí oyún. Káámílù ò sì jí nǹkan yín. Ẹ fún un ní Ìdílẹ̀kẹ̀.