Ta Ni Yóò Wẹ̀ fún Ọmọ Yìí

Màámi, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bínú sí, ọmọ yín Jàfárù ni, tí ó wọ aṣọ Jímọ́ọ̀, tí ó gbé iṣu lọ́wọ́, tí ó lọ bá ìyá mi ní Ìṣẹ̀rí pé kí ó wá wẹ̀ fún ọmọ tuntun, láì bi èmi tí mo bí ọmọ. Ó ti wá lọ pàdé rẹ̀ ní Ìkòtún báyìí. Ẹ̀rín ló ń rín jáde. Ó rò pé òun ṣe mí lóore.

Mo mọ̀, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti níbi gbogbo: ìyá ìyàwó kì í wà láàyè kí ẹlòmíràn máa wẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún un pé kò bójú mu. Kò kúkú bójú mu. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí pé kí ló dé tí mi ò ránṣẹ́ sí ìyá mi láti ìgbà tí mo ti lóyún?

Ẹ wo ẹ̀yìn mi. Ẹ má gbójú kúrò, jàre. Mo sọ fún ọmọ yín pé iná ló jó mi ní kékeré. Kì í ṣe iná, omi ni. Nílé tí a ń gbé l'Ẹ́gbẹ́dá nígbà náà, mo tọ̀ sórí ẹní, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ìyá mi sọ omi tó ń hó kalẹ̀ lórí sítóòfù, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ wẹ̀ fún mi ni.

Àràárọ̀ ló ń wẹ̀ fún àbúrò mi ọkùnrin. Á ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi, á ní ó gbóná jù, á bu omi tútù sí i. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ omi gbígbóná.

Kí ni mo ṣe? Mo jọ bàbá mi. Bàbá mi kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mìíràn l'Ágbàdo, ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ sára mi. Ojú yẹn ni ìyá mi ń fi wáyà nà, ojú yẹn ló ń fi ata sí, á so mí mọ́ irin fèrèsé kí ó tó lọ sọ́jà. Ìyá Matilda, ará yàrá kejì, ló máa ń fún mi lómi mu. Bí ó bá bá ìyá mi wí, ìyá mi á ní òun lòun bí ọmọ òun. Gbogbo ilé á ní òótọ́ ni. Ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, àbí? Dígí ti lọ sí Àgbàdo, wúrà nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ má sunkún, Màámi. Èmi ò sunkún.

Ẹ ní ìyá mi ti dàgbà, ó ti yí padà, ó ti ń lọ sí àsálátù. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa yí padà ní Ìṣẹ̀rí níbẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pè é, ẹnu mi ni kò gbà á. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, wàláhì. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ n'Ígándò yìí, tí àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń pè ní ọ̀gá, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí.

Ẹ wá wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn. Ẹ wo imú, ẹ wo iwájú orí. Ẹ ò mọ bàbá mi ni, ẹ̀ bá ti rí i: òun náà nìyẹn, kò kù síbì kan. Ṣé ojú yẹn ni kí n gbé lé ìyá mi lọ́wọ́, pẹ̀lú omi gbígbóná, kí n wá lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá?

Ẹ dìde, Màámi. Ẹ gbé báàfù, ẹ wẹ̀ fún un báyìí, kí wọ́n tó ti Ìkòtún dé. Bí ó bá wọlé, màá kúnlẹ̀ kí i dáadáa, màá gbé oúnjẹ fún un, màá ní, “Ẹ kú àbọ̀, mà, ọmọ ti wẹ̀.” Bó bá jí lọ́la, ọmọ ti wẹ̀. Bó bá jí lọ́túnla, ọmọ ti wẹ̀. Títí tí yóò fi di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìṣẹ̀rí, ọmọ mi á ti wẹ̀.