Èèmọ́ Kò Gbọdọ̀ Sọdá Omi

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí owó epo ń ṣàn ní Warri bí ọ̀gbàrá òjò… ẹ gbọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Tíṣà ni mí nígbà yẹn. Bàbá àgbà yín ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo kan.

Erékùṣù iyanrìn kan wà láàárín omi. Ìyá arúgbó kan, ará Ìlàjẹ, ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹní ni wọ́n ń hun jẹun. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hù lórí iyanrìn yẹn ni wọ́n fi ń hun ún. Ní apá ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Kò sí i. Èèmọ́ ti bo ilẹ̀ pátá. Kí ló fà á? Ta ló mọ̀ ọ́n?… Omi ni! Èèmọ́ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Aṣọ èèyàn ló ń gùn bí ẹṣin. Omi ni ọgbà tó yí koríko ìyá ká. Ẹ tún un sọ: omi ni ọgbà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi òòyà ya èèmọ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ni iléeṣẹ́ bá ní àwọn fẹ́ fi iyanrìn dí omi yẹn, kí mọ́tò lè máa gbabẹ̀. Wọ́n rán bàbá àgbà yín àti ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n lọ bẹ ìyá. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ṣòkòtò ayé ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó agboòrùn! Kí a tó dé etí omi, èèmọ́ ti kún un fọ́fọ́.

Ọmọ ìyá tó ń ṣọ́ èbúté kò jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀.

"Oga, comot trouser."

"Me? Manager?"

"Na manager trouser dey carry am pass."

Ọ̀gá bọ́ ṣòkòtò. Bàbá àgbà yín bọ́ tiẹ̀. Wọ́n yá wọn ní ìró ìyá, wọ́n ró o sábẹ́ táì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín… bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń ṣàlàyé títì.

"Ìyá, títì á mú ayé dẹrùn fún yín."

"Ọmọ mi, ṣé títì á máa ya èèmọ́ kúrò lára èèyàn?"

Ọ̀gá wo ìró tó wà nídìí rẹ̀. Ó ní ó dáa, títì á gba ibòmíràn. Ìyá borí! Omi yẹn wà níbẹ̀ dòní.

Ó wá ku ẹ̀bùn. Ṣé èèyàn ń lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo ni? A fa àgbò kan dání. Inú igbó ẹ̀yìn ilé wa ní Ekpan ló ti ń jẹko, èèmọ́ sì ti bò ó dé irun ọrùn. Ọmọ yẹn na òòyà sí i. Ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ojú olóore lo ti fẹ́ máa yẹ ẹ̀bùn wò?"

Ni àgbò bá rìn kọjá tọlátọlá láàárín àwọn ọkùnrin tí kò ní ṣòkòtò.

Òjò rọ̀. Èèmọ́ hù. Kò pẹ́, koríko ẹní di àwátì.

Mo lọ kí ìyá. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Wọ́n ti hú ìwọ̀nba koríko tó kù tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ń kó o lọ sí erékùṣù tó jìnnà sí i.

"Tíṣà, àgbò yín dùn lọ́bẹ̀ o. Bí ẹ bá tún fẹ́ kí mi, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti kí mi. Ọwọ́ òfo ni kí ẹ sì mú wá."

Lóde òní, afárá ni gbogbo yín ń pè fún. Kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá rí omi tó dá ilẹ̀ sí méjì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣọ́.

Èmi… mo máa ń lọ. Mo máa ń kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, màá pariwo, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n á juwọ́ sí mi, wọ́n á máa hun ẹní wọn lọ. Bí a ṣe ṣọ̀rẹ́ títí wọ́n fi kú nìyẹn. Omi láàárín.