Ọyẹ́ Nínú Oṣù Keje

[Fóònù ń dún. Ariwo kẹ̀kẹ́.]

TOLÚ: Hẹ́lò? Jùwọ́n, mo ti ń bọ̀! Mo ti ń bọ̀!

JÙWỌ́N: Kú ọ̀nà o, ọkọ ìyàwó—

TOLÚ: Ṣé wọ́n ti ń bínú? Àwọn ẹbí mi ńkọ́?

JÙWỌ́N: Wọ́n ti jókòó. Bọ̀dá Olúgbénga ti jẹ chin-chin débi pé wọ́n ti gbé abọ́ mìíràn wá. Níbo lo wà?

TOLÚ: Mo ti kúrò ní Narayi. A ń gba Trikania kọjá báyìí. Fìlà yìí ló dá mi dúró. Télọ̀ ní òun ti rán an tán láti ìjẹta. Mo débẹ̀, kò tíì gé aṣọ!

JÙWỌ́N: Haba! Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ?

TOLÚ: Mo jókòó tì í títí ó fi rán an ni. Ó tún wá há mi lórí. Báwo ni àna mi, Baba Lois?

JÙWỌ́N: Wọ́n wà. Wọ́n wọ agbádá funfun. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mo kàn jáde sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá tánkì omi.

TOLÚ: Kí lo ń ṣe lẹ́bàá tánkì?

JÙWỌ́N: Afẹ́fẹ́ ni mo ń gbà. Ẹ̀n... Tolú.

TOLÚ: Hẹn?

JÙWỌ́N: Ọmọ Ọyẹ́ number thirty-one yẹn. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó burú tó bí o ṣe ń wí?

TOLÚ: Kí lo sọ?

JÙWỌ́N: Mo kàn ń béèrè ni.

TOLÚ: Jùwọ́n, mò ń lọ tọrọ ìyàwó, o wá ń bi mí léèrè kọ́míìkì?

JÙWỌ́N: Ó dáa. Fi í sílẹ̀. Má dá mi lóhùn.

TOLÚ: Kò dára! Kò dára rárá! Látìgbà tí wọ́n ti gbé ìwé yẹn lé òǹkọ̀wé tuntun yìí lọ́wọ́, ó ti bàjẹ́ pátápátá. Níbẹ̀rẹ̀, bí Ọmọ Ọyẹ́ bá pe ọyẹ́ wá bá àwọn olè, ètè tiẹ̀ náà ń bẹ́. Ó ń wúkọ́. Ìyá rẹ̀ á máa fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, á sì máa bú u. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára ti tán nìyẹn. Ó di kó máa sun àgbàdo tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ọyẹ́ á fi tún dé. Akọni nìyẹn!

JÙWỌ́N: Mo mọ̀. A jọ ń kà á ni.

TOLÚ: Nísinsìnyí ńkọ́? Wọ́n ti fi irin bò ó látòkè délẹ̀. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jí lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó sun oorun ọ̀sán. Nínú twenty-six, ó pe ọyẹ́ nínú oṣù Keje! Ọyẹ́ nínú oṣù Keje, Jùwọ́n! Nígbà tí àgbàdo wà lóko!

JÙWỌ́N: Àwọn kan ní climate change ni.

TOLÚ: Climate change bàbá ẹ!

JÙWỌ́N: Ṣùgbọ́n thirty-one yàtọ̀. Ìyàwó ẹ̀ wà ní ọsibítù, ó wá—

TOLÚ: Ó wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn! Ọsàn, Jùwọ́n! Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ò sí nínú gbogbo ìwé náà. Ó bó ọsàn láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ta ní ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ọsàn níbí?

JÙWỌ́N: Èmi fẹ́ràn ẹ̀ díẹ̀ o.

TOLÚ: Ìwọ àti ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní Mai Gilashi, onídígí ojú, lórí Wọ́sáàpù. Ẹ̀yin méjèèjì péré ní gbogbo gúrúùpù kọ́míìkì wa.

[Ohùn ń já.]

JÙWỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

TOLÚ: Mo gbọ́ ọ. [Sí oníkẹ̀kẹ́] Mai keke, mu je, don Allah, ina sauri! [Sí Jùwọ́n] Mo ní kó jẹ́ ká lọ, mo ń kánjú.

JÙWỌ́N: Mai Gilashi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ dé orí ẹ̀. Ta lo rò pé ó jẹ́?

TOLÚ: Ọmọ yunifásítì kan tí wọ́n ti ti ilé ìwé wọn pa ni. Àbí ta ló máa ń ráyè kọ ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ sórí Wọ́sáàpù ní ìdájí?

JÙWỌ́N: Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń jí ní ìdájí.

TOLÚ: Kí lo ní lọ́kàn?

JÙWỌ́N: Ṣé o rántí ohun tí o kọ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá? Nígbà tó ní òun sunkún lórí thirty-one?

TOLÚ: [Ẹ̀rín] Ṣé mo lè gbàgbé ni? Mo ní ọkùnrin tó bá ń sunkún lórí kọ́míìkì, ìyàwó rẹ̀ ló ti lé e síta. Gbogbo gúrúùpù ló bú sẹ́rìn-ín! Ìwọ náà rẹ́rìn-ín.

JÙWỌ́N: Mo ti yọ èmójì tèmi kúrò.

TOLÚ: Kí ló dé?

JÙWỌ́N: Ẹ̀gbẹ́ Baba Lois ni wọ́n fi mí jókòó sí ní pálọ̀. Wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà. Wọ́n wá mú fóònù, wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù tèmi gbọ̀n nínú àpò.

TOLÚ: Ẹn-hẹ́n?

JÙWỌ́N: Mo yọ ọ́ wò. Mai Gilashi ni. Ó ní, "Ẹ kú Sátidé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní àlejò nílé lónìí, n kò ní ráyè jiyàn."

[Ariwo kẹ̀kẹ́.]

JÙWỌ́N: Tolú? Ṣé o gbọ́ mi?

TOLÚ: Jùwọ́n. Rárá o.

JÙWỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni.

TOLÚ: Baba Lois? Ẹ́lídà Silas tí wọ́n ń ka Bíbélì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì?

JÙWỌ́N: Àwọn náà ni. Gbogbo ìgbà tí Mai Gilashi ń kọ "Ọmọ mi, rọra," o rò pé eré ló ń ṣe?

TOLÚ: Mo gbé! Mo ti pè wọ́n ní olórí òfìfo! Mo ní kí wọ́n lọ máa wo katúùnù! Mo ní— Wayyo Allah! Kí ni àgbàlagbà ń wá nínú gúrúùpù kọ́míìkì?

JÙWỌ́N: Ìwádìí.

TOLÚ: Ìwádìí kí ni?

JÙWỌ́N: Ìwádìí rẹ ni! Wọ́n rí i pé mo ti rí wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ sí mi létí. O rò pé Yorùbá á fún ẹ lọ́mọ láìṣèwádìí? Àwọn mìíràn á lọ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Baba ní aládùúgbò á purọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ẹnu tí o ní nígbà tí àgbà ò sí nítòsí.

TOLÚ: Wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.

JÙWỌ́N: Wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n wá ní bí àwọn bá kàn dákẹ́ sí gúrúùpù, àwọn èèyàn á fura, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà láti number one. Ibẹ̀ ló ti wọ̀ wọ́n lára.

TOLÚ: Jùwọ́n... ìyàwó rẹ̀ ló ti lé e síta. Èmi ni mo kọ ìyẹn. Màmá Lois—

JÙWỌ́N: Ohun tó gbé mi dé ìdí tánkì nìyẹn.

TOLÚ: Màmá Lois ti kú! Ọsibítù ni wọ́n kú sí! Mo bá wọn gbé àga níbi ìsìnkú!

JÙWỌ́N: Nínú thirty-one, ọkùnrin yẹn lè pe ẹ̀fúùfù láti aṣálẹ̀, kò sì lè fún ìyàwó ẹ̀ léèémí. Ọsàn ni ìwọ rí níbẹ̀. Baba rí—

TOLÚ: Dákẹ́, jọ̀ọ́. Má sọ ọ́ tán.

[Ohùn ń já.]

TOLÚ: Ó dáa. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe.

JÙWỌ́N: Má tíì ṣe nǹkan kan! Baba sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí o— Ṣé o gbọ́ mi?

TOLÚ: —ò gbọ́ ọ dáa—

JÙWỌ́N: Mo ní má ṣe nǹkan kan! Hẹ́lò? Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀ràn! Tolú, ṣé o gbọ́ mi?

[Fóònù kan gbọ̀n.]

TOLÚ: —ti parí! Mo ti tún un ṣe!

JÙWỌ́N: Kí lo tún ṣe?

TOLÚ: Mo fi fóònù kejì kọ ọ́ sí gúrúùpù. Gbọ́: "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti tún thirty-one kà. Èmi ni mo ṣìnà. Òun ló dára jù nínú gbogbo Ọmọ Ọyẹ́. Mai Gilashi gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ọyẹ́ inú oṣù Keje gan-an, àrà ńlá ni."

JÙWỌ́N: Yéè!

TOLÚ: Ó dùn, àbí? Mo fi ọwọ́ àdúrà sí i nídìí.

JÙWỌ́N: Pa á rẹ́! Delete ẹ! Delete for everyone!

TOLÚ: Kí ló ṣẹlẹ̀?

JÙWỌ́N: Baba ní gbogbo ọmọkùnrin tó ti wá bá Lois rí, bí àwọn bá pe dúdú ní funfun, "Yes sir" ni. Wọ́n ní ìwọ nìkan ni o ò pọ́n àwọn lé lásán. Wọ́n ní, "Bó bá bẹ̀ mí nítorí ìyá Lois, mo ti forí jì í. Ṣùgbọ́n bó bá yí ohùn padà lórí kọ́míìkì nítorí pé ó ń fẹ́ ìyàwó, kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Ẹni tó tìtorí ìyàwó purọ́ fún mi lónìí, á purọ́ fún ìyàwó náà lọ́la."

TOLÚ: Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ sọ ìyẹn?

JÙWỌ́N: Mo ń bọ̀ níbẹ̀!

TOLÚ: O ń bọ̀ níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ dígí ojú lo fi bẹ̀rẹ̀! Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà! Jùwọ́n, o ti bà mí láyé jẹ́!

JÙWỌ́N: Èmi? Èmi ni mo ní kí o kọ "àrà ńlá"? Àrà ńlá, ìwọ Tolúwaṣẹ! Bí mo bá jẹ́ Baba, èmi náà ò ní fún ẹ.

TOLÚ: Mo ń pa á rẹ́... Ó ti lọ. Ó ti lọ! Kò sẹ́ni tó— Jùwọ́n.

JÙWỌ́N: Kí ni?

TOLÚ: Ó ní Mai Gilashi is typing.

JÙWỌ́N: Kí ló kọ?

TOLÚ: Ó ti dáwọ́ dúró. Kò kọ nǹkan kan.

JÙWỌ́N: Wọ́n ti kà á. Wò ó, Lois ní látìgbà tí Màmá ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn nínú ilé yìí mọ́. Gbogbo èèyàn ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwọ lo ń bá wọn jà. Torí ẹ ni wọ́n ṣe ń jí ní ìdájí—

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ìró sálúbàtà.]

JÙWỌ́N: Mo kú. Wọ́n ti jáde. Ẹ kú ìkàlẹ̀, Daddy.

BABA LOIS: [lókèèrè] Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá tánkì?

JÙWỌ́N: Ẹnì kan ni, sà.

BABA LOIS: Gbé ẹnì kan náà wá.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.]

BABA LOIS: Tolúwaṣẹ.

TOLÚ: Ẹ káàsán, sà! Mo dọ̀bálẹ̀, sà!

BABA LOIS: Nínú kẹ̀kẹ́?

TOLÚ: Mo... mo tẹrí ba, sà.

MAI KEKE: Oga, lafiya?

TOLÚ: Lafiya, lafiya. Mu je.

BABA LOIS: Ọyẹ́ nínú oṣù Keje. O ní àrà ńlá ni.

[Ariwo kẹ̀kẹ́.]

BABA LOIS: Ṣé o gbọ́ mi?

TOLÚ: Mo gbọ́ yín, sà.

BABA LOIS: Mo ní, ṣé àrà ni?

TOLÚ: Rárá, sà. Ìsọkúsọ ni.

JÙWỌ́N: [lókèèrè] Jésù.

BABA LOIS: Thirty-one ńkọ́?

TOLÚ: Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyàwó yẹn. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n bí kì í bá tiẹ̀ ṣe ẹ̀yin, kò yẹ kí n sọ ọ́ sí ọmọ èèyàn. Ojú ń tì mí. Ẹ forí jì mí.

BABA LOIS: Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mí wọnú egungun lọ́jọ́ yẹn. Mo ti gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ní, thirty-one ńkọ́?

[Ariwo kẹ̀kẹ́.]

BABA LOIS: Tolúwaṣẹ.

TOLÚ: Kò dára, sà. Ẹ má bínú. Ọsàn bíbó yẹn ti pọ̀ jù.



BABA LOIS: Ọsàn bíbó ti pọ̀ jù.

TOLÚ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

BABA LOIS: Ìwọ ọmọ yìí, ojú lásán lo fi ń kàwé! Ta ló jẹ ọsàn náà?

TOLÚ: Sà?

BABA LOIS: Ó bó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbí? Ta ló jẹ ẹ́?

TOLÚ: Ìyàwó rẹ̀—

BABA LOIS: Ìyàwó rẹ̀ ò lè jẹ nǹkan kan mọ́! Lọ wo ojú ìwé kẹsàn-án! Gbogbo ọsàn náà wà lórí àwo, ó ti gbẹ! Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́! Ó kàn ń bó o ni, torí bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi lè dúró báyìí— [Ohùn já.] —èmi náà bó o, Tolúwaṣẹ. Odidi àpò ọsàn ni. Nọ́ọ̀sì ló wá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ṣé o gbọ́ mi?

TOLÚ: Mo ń gbọ́ yín, Daddy.

BABA LOIS: O wá ní ó ti pọ̀ jù!

LOIS: [lókèèrè] Daddy! Kẹ̀kẹ́ wọn ti dúró lẹ́nu géètì!

BABA LOIS: Jẹ́ kó dúró! A ò tíì dé ojú ìwé kẹwàá! Tolúwaṣẹ, ó yá, já mi nírọ́. Ojú ìwé kẹwàá, fèrèsé ṣí, ọyẹ́ wọlé, kò sì pè é. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]