Abọ́ Oúnjẹ Tí Wọ́n Dá Padà Lẹ́nu Géètì

Rárá, mi ò ní jókòó! Bí mo bá jókòó, wàá ní kí akọ̀wé rẹ gbé tíì wá, wàá máa pè mí ní Màámi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á sì di ẹ̀rín. Wo abọ́ ọwọ́ mi. Ìrẹsì àti ẹja ló wà nínú ẹ̀, mo gbé e dé ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n tún ní kí n máa gbé e padà lọ. Wọ́n ní àṣẹ òkè ni. Òkè wo? Ṣebí èmi ni mo bí òkè ọ̀hún!

Àbúrò rẹ lo tì mọ́lé yìí o! Àbúrò rẹ kan ṣoṣo. Kí ló ṣe? Ó jalè ni? Adájọ́ ni, wọ́n gbé ẹjọ́ oníwèé ìròyìn tó kọ̀wé ta kò ọ́ yẹn wá síwájú ẹ̀, ó wo ìwé òfin, ó ní kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀ torí kò ṣẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àwọn ọlọ́pàá rẹ fi wá mú un ní kóòtù, tòun ti aṣọ adájọ́ lọ́rùn ẹ̀. Yéè, ẹ gbà mí!

Ìwé òfin wo sì ni? Èyí tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ kọ nínú pálọ̀ mi nígbà tí òyìnbó fẹ́ máa lọ ni! Àbí o ti gbàgbé? Ẹ kún gbogbo àga, ẹ fi sìgá jó aṣọ tábìlì mi, ẹ ń pariwo bí ẹni ń jà, èmi ń gbé omi gbígbóná wọlé, mo ń gbé ife jáde. Ìwọ yìí náà lo fọwọ́ gbá tábìlì, o ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lè ti adájọ́ mọ́lé nítorí ẹjọ́ tó dá. Àbúrò rẹ wá bi ọ́ pé, “Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ di olórí ńkọ́, bùrọ̀dá mi?” O ní, “Àgàgà èmi! Èmi gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òfin náà so.” Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti bímọ.

Kí lo wí? Orílẹ̀-èdè wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́? Ta ló ń tọ́ ọmọ ọwọ́ báyìí? Èmi tí mo tọ́ ọmọ méjì, ṣé mo ti ọ̀kan mọ́ inú yàrá kí èkejì lè dàgbà ni? O tún ní ìlú ń gbóná, ìlú ń gbóná! Nígbà tí òyìnbó ń lé ọ kiri, ṣé ó tutù ni?

Má gbé tẹlifóònù yẹn, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀! Àbúrò rẹ ní ọgbẹ́ inú, o mọ̀. Wọ́dà arúgbó ẹnu géètì sọ fún mi pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń bì í, ó sì ti ń bi ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ o! Mo fi ọmú tí o mu búra, ó máa kú síbẹ̀, ìwọ lo sì máa pa á.

Ǹjẹ́ o rántí wọ́dà náà? Òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí òyìnbó ti ìwọ mọ́lé. Abọ́ tánganran yìí gan-an, wo ibi tó ti bó létí, òun ni mo ń gbé lọ fún ọ lójoojúmọ́. Òyìnbó á ṣí i, á fi ṣíbí rò ó wò, á ní kí wọ́n gbé e wọlé. Ọ̀tá wa ni o, ó gba abọ́ mi wọlé! Ìwọ tí mo bí lo dá a padà. Wọ́dà ò lè wojú mi lónìí, ó ń wolẹ̀, ó ní, “Ìyá, nígbà yẹn, wọ́n jẹ́ kí n gbà á.”

Ó tó. Dìde. Má pe awakọ̀, má pe akọ̀wé. Gba abọ́ yìí, fọwọ́ méjèèjì gbà á, ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé e dé ẹnu géètì yẹn, ká wo ẹni tó máa dá ọ padà. Èmi á jókòó sórí àga rẹ yìí dè ọ́ báyìí. Bóo bá padà dé tí abọ́ ò ṣófo, wá ibi tó wù ọ́ nínú ìwé òfin kóo fi mú ìyá rẹ náà, kí n lè lọ bá a níbẹ̀.

Gbà á! Ó ti ń tutù.